ÌTÀN KWAME NKRUMAH NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍGA LINCOLN

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, ó yẹ kí a rántí pé olùkọ́ ni Kwame Nkrumah kí ó tó di olórí ìlú. Ní Nkroful ni a bí i ní ọdún 1909, ní ilẹ̀ Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Nyaniba ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní Achimota, níbi tí ó ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní 1930, ó bá Dókítà Aggrey pàdé, ẹni tí ó ti kàwé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wọ̀ ọ́ lára gidigidi, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí òkè òkun.

Ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní 1935 ó fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó wá sí Èkó níhìn-ín, ìbátan rẹ̀ kan sì fún un ní £100. Bí ó ti dé London ní ọ̀nà Amẹ́ríkà ni ó rí i lójú pópó, nínú ìkéde ìwé ìròyìn, pé àwọn ará Ítálì ti gbógun wọ Etiópíà. Ìròyìn náà dùn ún dé egungun.

A dá Lincoln sílẹ̀ ní 1854 fún àwọn ọmọ ènìyàn dúdú. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, ó wà láàárín oko ní Pennsylvania. Azikiwe ti kàwé níbẹ̀ ṣáájú. Nkrumah pẹ́ dé, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan, síbẹ̀ wọ́n gbà á. Ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé àti nípa ìbágbépọ̀ ènìyàn ni ó yàn. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkàwé wọn, ó sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé iṣẹ́ wọn ní dọ́là kan, iṣẹ́ tí àwa kò lè yìn fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Nígbà ìsinmi ni ìyà gan-an ń jẹ ẹ́. Ó kiri ẹja ní Harlem, ẹja náà sì mú gbogbo ara rẹ̀ sú. Ó wọ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, níbi tí ó ti ń fi ọmọlanke kó ìfun àti ọ̀rá ẹran tí ó ti rà; ẹni tí ó rò pé òórùn dídùn ni yóò máa gbọ́ níbẹ̀! Ó lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní alẹ́ tí kò bá ní ibùsùn, a san owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, a sì máa sùn nínú rẹ̀ láti Harlem dé Brooklyn, láti Brooklyn padà sí Harlem. Kò sí ìwé ọrọ̀ ajé tí ó lè kọ́ni ní iye owó bí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó gba oyè rẹ̀ ní 1939. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ní Lincoln kan náà, ó ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn dúdú, ó sì parí ní 1942. Ọ̀rọ̀ inú Orin Dafidi kejìdínláàádọ́rin, nípa Etiópíà tí yóò na ọwọ́ sí Ọlọ́run, ni ó sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọjọ́ àṣeyẹ náà. Ẹni tí ó bá rántí ìkéde ti London yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ó padà sílé ní 1947. Ní ọjọ́ 6 oṣù March 1957, ilẹ̀ rẹ̀ gba òmìnira. Òtítọ́ ni a ń wá, nítorí náà a kò ní bo ìyókù mọ́lẹ̀: òfin 1958 jẹ́ kí ó lè ti ènìyàn mọ́lé láìsí ìdájọ́, Danquah sì kú sí àtìmọ́lé ní 1965. Ní ọdún kan náà owó kòkó wálẹ̀, gbèsè sì wọ ìlú lọ́rùn lábẹ́ ẹni tí ó gba oyè nínú ọrọ̀ ajé. Àwọn ọmọ ogun lé e kúrò ní 1966. Ó kú ní Bucharest ní ọjọ́ 27 oṣù April 1972.

Ní February 1951 ni ó jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n James Fort ní Accra, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti dìbò fún un nígbà tí ó ṣì wà nínú rẹ̀. Ní June ọdún náà, Lincoln ránṣẹ́ pè é padà láti fi oyè Dókítà dá a lọ́lá, ó sì dúró níwájú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jẹ lówó nígbà kan rí.