Dorando Pietri: Ẹni tí ó pàdánù ẹ̀bùn, tí kò pàdánù orúkọ

Ẹ̀yin ará wa ní Novara, Turin àti Padua, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Milan lọ sí Bologna, ẹ ó gba ìlú Modena kọjá. Nítòsí ibẹ̀ ni Carpi wà, níbi tí Dorando Pietri gbé dàgbà. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1885 ni wọ́n bí i ní abúlé Mandrio. Nígbà tí ó dé Carpi, ó di ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àkàrà òyìnbó. Ní 1904, gbajúmọ̀ sárésáré kan, Pericle Pagliani, wá sáré ní ìlú náà. Pietri tẹ̀ lé e tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó sì bá a dé òpin. Láti ìgbà náà ni ó ti gbájú mọ́ eré. Ní 1906 ó lọ sí Athens. Ó wà níwájú kí inú rírun tó dá a dúró. Kò torí ìyẹn jókòó.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1908, ó sáré ní London, láti ààfin Windsor dé pápá White City, kìlómítà 42.195. Oòrùn mú gan-an. Nígbà tí eré ń parí lọ, ó kọjá Charles Hefferon, ọmọ South Africa, ó sì bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n bí ó ti wọ pápá, agbára tán. Ó kọrí sí ọ̀nà òdì. Wọ́n dá a padà, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Nǹkan bí mítà 350 tí ó kù gbà á tó ìṣẹ́jú 10. Àánú ṣe àwọn alábòójútó, wọ́n gbé e dìde títí ó fi kọjá ìlà. Àánú náà ni ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kò gba ìrànlọ́wọ́ láyè. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹjọ́ sùn, ipò kìíní sì di ti Johnny Hayes, ọmọ tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì, Ayaba Alexandra fún Pietri ní ife fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 22 ni Pietri, iwájú ni ó wò. Ó wọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní Madison Square Garden ní New York, òun àti Hayes tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni kò dì í lọ́wọ́ mú, ó sì borí.

Ó fi eré sílẹ̀ ní 1911. Òun àti arákùnrin rẹ̀ fi owó rẹ̀ dá ilé ìtura sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwò náà wọlẹ̀. Ó tún dìde, ó ṣí ibi àtúnṣe mọ́tò ní Sanremo, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1942.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ran àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ nígbà ìmúrasílẹ̀. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn dé òpin. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣubú. Bí a bá sì ṣubú, yóò fún wa lágbára láti dìde. Àṣẹ.