Thomas Jefferson àti Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1743 ni a bí Thomas Jefferson ní Virginia, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Agbẹjọ́rò ni; òun ni ó sì kọ ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kéde òmìnira wọn ní 1776. Ní 1801 ó di ààrẹ kẹta.

Odò Mississippi ni ààlà orílẹ̀-èdè náà nígbà náà. Ojú odò yìí ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé irè oko gbà dé èbúté New Orleans. Ẹni tí ó bá ti èbúté náà pa, ìlẹ̀kùn oúnjẹ wọn ni ó tì. Nígbà tí Spéènì fi ibẹ̀ fún Faransé, Jefferson rán ikọ̀ lọ láti rà á. Ṣùgbọ́n ogun Haiti ti dá Napoleon lágara, ó sì ń wá owó. Gbogbo Louisiana ni ó fẹ́ tà. Jefferson ṣiyè méjì, nítorí òfin kò sọ pé ààrẹ lè ra ilẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí àǹfààní náà bọ́. Ní 1803 wọ́n rà á ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilẹ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn Íńdíà tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Jefferson, tí ó kọ̀wé pé ọgbọọgba ni a dá ènìyàn, ní ẹrú tí ó lé ní 600 ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 1826, ọjọ́ tí ìwé òmìnira náà pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn ọlá rẹ̀, kí ó sọ ti àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú.