Rótìmí Fani-Káyọ̀dé: Ayafọ́tò tí ó Gbé Ilé Lọ sí Àjò

Láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà àti Òkókómáíkò, bí ó ti rí ní gbogbo ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí kò mọ ayafọ́tò. Bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà, òun a wà níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì gba oyè ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́, kò ní ṣàì ya fọ́tò nínú aṣọ oyè rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ ayafọ́tò kò ju pé kí àwòrán jọ ẹni, kí aṣọ sì hàn dáradára. Ṣùgbọ́n àwọn ayafọ́tò kan wà tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí èyí. Wọn kì í ya fọ́tò nítorí kí ènìyàn lè mọ bí ojú òun ti rí. Wọ́n ń yà á kí ènìyàn lè ronú, gẹ́gẹ́ bí agbẹ́gilére ti í fi igi ronú, tí akéwì sì í fi ọ̀rọ̀ ronú. Nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ Yorùbá bí, Olúwarótìmí Fani-Káyọ̀dé jẹ́ ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́fà péré ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà kí ikú tó mú un lọ.

Ìlú Èkó ni a bí i sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1955. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, Olúwarótìmí, túmọ̀ sí pé Olúwa dúró tì mí. Baba rẹ̀ ni Olóyè Rẹ̀mílẹ́kún Fani-Káyọ̀dé, amòfin àti olóṣèlú tí ó jẹ oyè Balógun ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí a sì bí Rótìmí sí kì í ṣe ilé kékeré. Ìran wọn ní ọwọ́ nínú ìtọ́jú ojúbọ àwọn òrìṣà ní Ifẹ̀. Nípa báyìí, bí a ti ń fi ìwé àti òfin kọ́ ọmọ náà, ó mọ̀ pẹ̀lú pé ìlú tí Yorùbá gbà pé ó jẹ́ orírun gbogbo wọn ni àwọn baba òun ti wá.

Ní ọdún 1963, baba rẹ̀ di igbákejì Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbà náà kò rọgbọ. Ìjà òṣèlú gba ilẹ̀ Yorùbá kan, a ń jó ilé, a ń jó ọkọ̀, ènìyàn sì ń kú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ gba ìjọba. Wọ́n pa Olóyè Akíntọ́lá tí í ṣe Olórí Ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú Fani-Káyọ̀dé lọ, ṣùgbọ́n orí kó òun yọ. Kí ọdún náà tó parí, ìdílé wọn ti kó lọ sí Brighton, ìlú kan ní etí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá ni Rótìmí nígbà náà. Àjò ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n nínú àjò yìí ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí.

Lẹ́yìn tí ó ti parí ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1976, ó sì wọ Yunifásítì Georgetown ní Washington. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni ó kọ́ níbẹ̀ pọ̀ mọ́ ìmọ̀ iṣẹ́-ọnà, ó sì gba oyè ní ọdún 1980. Kò ṣòro láti mọ èyí tí ó dùn mọ́ àwọn òbí nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí ọmọ di ẹni pàtàkì nínú iṣẹ́ tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó gbéyàwó, kí ó sì bímọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́-ọnà ni ọkàn Rótìmí fà sí. Ó kọjá lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Pratt ní Brooklyn, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́-ọnà àti fọ́tò yíyà. Ní New York, ó mọ Robert Mapplethorpe, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1983, ọdún kan náà tí a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ó gba oyè kejì, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Brixton ni ó fi ṣe ibùgbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ti erékùṣù Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká wá. Ìgbé ayé kò rọrùn fún wọn. Ní ọdún 1981 àti 1985, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò náà láàárín àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ará ibẹ̀. Rótìmí darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà Brixton, ó sì ń bá wọn pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Alex Hirst, òyìnbó kan tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé àti ayafọ́tò, ni wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Rótìmí kò fi í pamọ́ pé òun jẹ́ ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé èyí yóò bà á jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó ń lọ ní òwúrọ̀. Brixton tí ó ń gbé náà ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni ó ń yà. A ta aṣọ sí ara ògiri, a gbé iná sí ọ̀tún tàbí sí òsì, a fi ọ̀dà kun ara ẹni tí a fẹ́ yà, a sì fún un ní ohun tí yóò mú lọ́wọ́: èso, ewé, ìyẹ́, àbẹ́là tàbí agọ̀ tí a fi igi gbẹ́. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù, nítorí ní ayé ìgbà náà kò sí ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò, kí ó sì pa àádọ́rùn-ún rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Fíìmù ni a máa ń kì sínú kámẹ́rà. Irú kan kì í gbà ju àwòrán 36 lọ, irú mìíràn kò sì ju 12 lọ. Nígbà tí ó bá kún, inú yàrá tí ó ṣókùnkùn biribiri ni a ti í tọ́jú rẹ̀, tí a óò rì í sínú omi oògùn. Lórí fíìmù náà, ohun tí ó funfun a hàn ní dúdú, ohun tí ó dúdú a sì hàn ní funfun. Lẹ́yìn èyí ni a óò tan iná gba ara rẹ̀ kọjá sí orí ìwé fọ́tò, a óò tún ri ìwé náà sínú omi oògùn lábẹ́ iná pupa tí ó ṣú, àwòrán yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ti inú kùrukùru bọ̀. Nítorí náà, kí ọwọ́ ayafọ́tò tó kan kámẹ́rà, ó ní láti kọ́kọ́ rí àwòrán náà lọ́kàn.

Ohun tí Rótìmí ń rí lọ́kàn ni ilé. Nínú àròkọ kan tí ó kọ ní ọdún 1988, ó ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ àjèjì: nítorí irú ìfẹ́ tí ó wà nínú òun, nítorí pé òun kò sí ní ilẹ̀ baba òun, àti nítorí pé òun kò di irú ọmọ tí àwọn òbí òun ń retí. Ẹlòmíràn ì bá tìtorí èyí bọkàn jẹ́. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ohun púpọ̀ tí yóò pàdánù ní òmìnira láti sọ òtítọ́, kámẹ́rà sì ni ohun ìjà tí òun yóò fi gba iyì ara òun padà lọ́wọ́ àwọn tí ń fojú tín-ín-rín ènìyàn dúdú.

Ẹni tí ó bá ti lọ síbi ọdún òrìṣà rí yóò mọ ẹni tí à ń pè ní elégùn. Bí ìlù bá wọ̀ ọ́ lára tán, tí òrìṣà sì gùn ún, ojú rẹ̀ a yí padà, ohùn rẹ̀ a yí padà, àwọn tí ó yí i ká a sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó wà nínú ara rẹ̀ mọ́. Rótìmí gbà pé irú àkókò tí ènìyàn àti òrìṣà ń fi ara kan ara báyìí ni fọ́tò òun ń wá. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo, tí wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí àṣà àjèjì gba tiwọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó sọ àwọn fọ́tò rẹ̀ kan ní Ẹbọ Òrìṣà àti Àbíkú. Ó sì gbé ère orí idẹ, irú èyí tí ó sọ Ifẹ̀ di olókìkí láyé, sínú òmíràn.

Èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù ni fọ́tò tí ó yà ní ọdún 1987, tí ó fi orúkọ Ṣọ̀pọ̀ná pè. Ara ọkùnrin dúdú kan ni ó wà níbẹ̀, orí rẹ̀ kò hàn. A fi ọ̀dà funfun àti dúdú tò ó lára ní àmì róbótó-róbótó, ó sì mú àbẹ́là mẹ́ta tí ń jó lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù ni Yorùbá fi ń pe òrìṣà yìí. Olóde ni wọ́n ń pè é kí wọ́n má ba à dárúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí pé òun ni ó ni ìgbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi àrùn jà náà ni a ń bẹ̀ kí ó mú un kúrò. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé. Kò pẹ́ sí i, ní ọdún 1981, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn tuntun tí a wá mọ̀ sí éèdì. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà ni àrùn yìí pa, àwọn kan sì ń sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọkùnrin bí Rótìmí ni ó fà á. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò náà ní àkókò yẹn kò lè ṣe aláìmọ̀ pé kì í ṣe ìgbóná àtijọ́ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1988 kan náà, ìwé fọ́tò rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Brixton, èyí tí wọ́n pè ní Autograph. Òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń dùn ún lọ́kàn. Ó wòye pé bí òun bá pàtẹ àwọn fọ́tò òun ní Èkó tí a bí òun sí, ó ṣeé ṣe kí ìjà bẹ́ sílẹ̀, kí a sì fi ẹ̀sùn kan òun pé ìwà ìbàjẹ́ òyìnbó ni òun kó wọ̀lú. Ilé tí ó ń rù kiri nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù pé kò ní gba òun wọlé.

Ní ọdún 1989, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Àwọn fọ́tò aláwọ̀ mèremère tí ó yà ní ọdún yìí wà lára iṣẹ́ rẹ̀ tí a ń gbóríyìn fún jù lọ. Ó sọ ọ̀kan ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ó níye lórí. Ó sọ àwọn kan ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí a óò pàdánù. Ó sì sọ òmíràn ní Adébíyìí, orúkọ kan nínú àwọn orúkọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà, bí ó ti ń gbàtọ́jú lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 34 ni. Baba rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó di ọdún 1995 kí òun náà tó papò dà. Òkú ọ̀fọ̀ ni Yorùbá ń pe irú èyí.

Alex Hirst náà kú ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò bá wọn wọlẹ̀. Ẹgbẹ́ Autograph ń bá iṣẹ́ lọ, òun ni ó sì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú ohun tí alága àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ní ọdún 2003, a pàtẹ fọ́tò Rótìmí ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, níbi àfihàn iṣẹ́-ọnà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé. Ilé-ìṣúra Tate ní Lọ́ńdọ̀nù àti Guggenheim ní New York ní fọ́tò rẹ̀ ní ìpamọ́. Ní ọdún 2024, a kó púpọ̀ nínú wọn jọ fún àfihàn ńlá ní Columbus ní Amẹ́ríkà.

Àwọn kan yóò máa bá a jiyàn lórí bí ó ti gbé ayé rẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì máa jiyàn lórí ohun tí ó fi hàn nínú fọ́tò. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ọmọdé tí a mú kúrò nílé kí ó tó mọ ilé dájú kò jẹ́ kí ilé sọnù mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò kúrò ní Ifẹ̀ rí, tí wọn kò sì bi ara wọn léèrè ohun tí orí idẹ ń sọ tàbí ìdí tí a fi ń pe Olóde ní Olóde. Rótìmí bi ara rẹ̀ léèrè ní ilẹ̀ àjèjì, ó sì fi fíìmù àti ìmọ́lẹ̀ dáhùn fún ọdún mẹ́fà tí ó ní.