Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti Àmì Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Òkè-Mẹ̀sí kò jìnnà sí Odò-Ọwá-Èkìtì tí mo ti wá. Bí a bá dárúkọ ìlú náà nílé, Fábùnmi, akọni ogun Kírìjì, ni àwọn àgbà máa ń rántí. Ọmọ ìlú náà mìíràn wà tó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣègùn ni: Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun.

Oṣù kìíní ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí Christ's School ní Adó-Èkìtì, ó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi kún ìmọ̀ rẹ̀ lórí àrùn ọpọlọ. Nígbà tó padà sí UCH, Látúndé Ọdẹ́kù, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó sọ Ìbàdàn di ibi tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde dá lórí oúnjẹ. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà kan kì í mọ ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mutí, ojú wọn ń ṣú, etí wọn sì ń di. Ọ̀ṣuntókun wo ohun tí wọ́n ń jẹ, ó rí i pé ẹ̀gẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tọ́ka sí májèlé sáyánáìdì tó máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa. Ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Nígbà tó tún yá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Ìgbó-Ọrà, ìlú ìbejì, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti mọ irú àrùn ọpọlọ tó wà láàárín nǹkan bí 20,000 èèyàn. Kò dúró de aláìsàn ní ọ́fíìsì.

Ní 1992, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn oníwádìí ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, tí Hugh Hendrie ṣáájú wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá arán ń mú àwọn arúgbó Yorùbá bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn ni wọ́n yàn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka tiwa. Láàárín àwọn Cree ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìbéèrè tí wọ́n fi ń dán ọpọlọ wò, wọ́n sì ní láti tú u sí Yorùbá. Ẹni tí kò mọ̀wé, a kò lè ní kó kọ gbólóhùn sílẹ̀, kí a wá sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ nítorí pé kò lè ṣe é. Wọ́n tún ń bi ará ilé léèrè bóyá àgbà náà ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá wọ́, àìsàn tí kò sí lára èèyàn la ó kọ mọ́ ọn.

Èsì jáde ní 1995. Láàárín àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè, àrùn Alzheimer jẹ́ 1.41 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn. Ní Indianapolis, tí a bá ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó jẹ́ 6.24.

Wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOE, ẹ̀yà rẹ̀ kan sì ń jẹ́ e4. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó jogún e4 lọ́dọ̀ òbí kan wà nínú ewu àrùn yìí ju ẹlòmíràn lọ, àrùn náà sì máa ń tètè yọjú sí i. Ti ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì tún le jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣuntókun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí e4 lára àwọn arúgbó Ìbàdàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò rí i pé ó so mọ́ àrùn náà.

Ọdún tí ìwé yẹn jáde náà ni Ọ̀ṣuntókun kú, ní ẹni 60 ọdún. Àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nígbà yẹn kò pọ̀, nítorí náà iṣẹ́ ń bá a lọ. Ní 2014, ìwádìí tó kan Yorùbá tó lé ní 2,000 fi hàn pé e4 méjì ń dá kún ewu àrùn náà lára tiwa pẹ̀lú, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó bó ṣe wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìdáhùn àkọ́kọ́ yí padà díẹ̀. Ìbéèrè Ọ̀ṣuntókun kò yí padà: kí ni àmì yìí ń sọ lára tiwa?

Lónìí, ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun lè fi itọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ jíìnì wò, kí wọ́n fi ìṣirò tí wọ́n ṣe lára òyìnbó sọ ọjọ́ ogbó rẹ̀ fún un. Nílé níbí, wọ́n ṣì ń pe màmá arúgbó tó ń ṣarán ní àjẹ́. Ẹ̀rù ń ba ẹni àkọ́kọ́ lásán nígbà mìíràn. Ẹni kejì ń jìyà ohun tí kò ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ lọ bi àwọn àgbà ilé yín ní orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi ìgbàgbé tó ń bá arúgbó. Ẹni tó bá máa tú ìbéèrè àwọn dókítà sí èdè wa lọ́la yóò nílò àwọn ọ̀rọ̀ náà.