Röntgen, ọkùnrin tó fi X-ray sílẹ̀ fún gbogbo ayé

Ẹni tó bá ti ṣubú lórí ọ̀kadà rí mọ X-ray dáadáa. Òun ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá egungun kán tàbí kò kán. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣàwárí rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́ di tara rẹ̀ nìkan?

Wilhelm Conrad Röntgen lorúkọ rẹ̀. Ìlú Lennep ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1845, àmọ́ Netherlands ló ti dàgbà. Nílé ìwé rẹ̀ ní Utrecht, akẹ́kọ̀ọ́ kan ya àwòrán tíṣà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí Röntgen dárúkọ ẹni tó yà á, ó lóun ò ní sọ. Bí wọ́n ṣe lé e nìyẹn. Pólì ìlú Zurich ní Switzerland ló padà gbà á. Èmi tí mo jáde ní pólì, ibí yìí dùn mọ́ mi gan-an.

Lọ́dún 1895, ọmọ ọdún 50 ni, ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Würzburg. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ó ń gba iná mànàmáná kọjá nínú ìgò kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ti fi páálí dúdú bo ìgò náà, yàrá sì ṣókùnkùn. Àfi bó ṣe rí i tí pátákó kan tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ìtànṣán wo ló gba inú páálí jáde? Kò mọ̀ ọ́n, ló bá pè é ní X, bí a ṣe máa ń ṣe nínú ìṣirò.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, ó ní kí ìyàwó rẹ̀, Anna Bertha, gbé ọwọ́ sí ọ̀nà ìtànṣán náà. Nínú fọ́tò tó jáde, egungun ìka ló hàn ketekete, pẹ̀lú òrùka.

Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi í wá ọta ìbọn nínú ara èèyàn. Owó ti dé nìyẹn! Tó bá gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tó máa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, olówó ńlá ni ì bá dà. Ó kọ̀. Lójú tiẹ̀, gbogbo ayé ló ni ín. Lọ́dún 1901, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Yunifásítì Würzburg ló fi owó rẹ̀ ta lọ́rẹ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, owó Jámánì di yẹpẹrẹ, ohun tó tọ́jú sì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Bertha kú lọ́dún 1919. Jẹjẹrẹ ìfun ló pa òun náà ní Munich, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1923.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ó ya gọ̀. Mi ò sì ní kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe áàpù má dáàbò bo iṣẹ́ yín o. Röntgen ń gba owó oṣù, ọ̀pọ̀ yín ò ní in. Àmọ́ ká ní ó ti ìlẹ̀kùn yẹn ni, àwọn aláìsàn mélòó ni ì bá dúró síta? Ìbéèrè yẹn ló yí mi lérò padà.