Fábùnmi, Akọni Òkèmẹ̀sí

Ojú tì mí lọ́jọ́ kan ní Ṣómólú. Ìwé ni mo gbé lọ fún àwọn òǹtẹ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ pé ọmọ Òkèmẹ̀sí ni mí, ó sì bi mí léèrè ẹni tí Fábùnmi jẹ́. N kò rí èsì fọ̀. Bàrígà ni wọ́n bí mi sí. Orúkọ akọni náà nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí mo délé, mo bi ìyá ìyá mi, lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìkàwé lọ.

Ìlú kékeré ni Òkèmẹ̀sí, ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, nítòsí ààlà Ọ̀ṣun. Àwọn òkè olókùúta ni ó yí i ká. Ìmẹ̀sí Igbódò ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Àwọn òkè náà dà bí odi, síbẹ̀ wọn kò dá Ìbàdàn dúró. Nígbà tí agbára Ìbàdàn gbilẹ̀, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn wọ̀nyí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyà jẹ onílé.

Ọmọ ọba ni Fábùnmi. Ní 1878, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, Oyèpẹ̀tún tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ ba aya rẹ̀ jẹ́. Fábùnmi bẹ́ ẹ lórí. Ààrẹ Látòósà ní kí wọ́n fà á lé òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú yòókù fi dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Báyìí ni Èkìtì Parapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ogun kò rọrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn nítòsí Ìkìrun, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Ní ibi yìí ni Fábùnmi ti wù mí jù. Nígbà tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà dé, ó fi ipò olórí ogun sílẹ̀ fún un, òun náà sì ń jà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó dá iná sílẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni du oyè olórí.

Ẹ̀bá Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun méjèèjì pàgọ́ sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó fi ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjí. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Nígbẹ̀yìn, Fábùnmi jẹ Ọwá Òòyè ìlú rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìbínú ẹnì kan ló kó gbogbo ilẹ̀ sí wàhálà. N kò lè sẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ṣàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyà náà bá jẹ́ ti Fábùnmi nìkan, èéṣe tí àwọn ìlú yòókù fi dìde? Koríko ti gbẹ kí iná tó dé.

Àwọn ará Èkó ayé ìjọ́un kò gbàgbé ilé. Èmi tí mo ń gbé Bàrígà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Mo ti padà lọ sí Ṣómólú, mo sì ti dá òǹtẹ̀wé náà lóhùn.