Bram Fischer: Lọ́yà tó jà kí wọ́n má yẹgi fún Mandela

Bí lọ́yà kan bá gba ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ńlá kàn, kíá làwọn èèyàn wa máa ń sọ pé owó ló ń wá. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ ìtàn Bram Fischer.

Ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní Bloemfontein, Gúúsù Áfíríkà. Òyìnbó Afrikaner ni, ọmọ ilé ọlá. Bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí ìjọba Orange River Colony rí, adájọ́ àgbà sì ni bàbá tó bí i. Oxford lòun náà ti kàwé. Ká ní ó fẹ́ jẹ ayé tiẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, ta ni ì bá dí i lọ́wọ́? Àmọ́ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ló lọ bá, tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà àwọn èèyàn rẹ̀ jà.

Lọ́dún 1963, ọlọ́pàá ya wọ oko Liliesleaf ní Rivonia, wọ́n kó àwọn tó ń bá ìjọba jà. Wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ Nelson Mandela, tó ti wà lẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù ní Pretoria. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n, adájọ́ lè tìtorí ẹ̀ ní kí wọ́n yẹgi fún wọn.

Fischer ni aṣáájú àwọn lọ́yà wọn. Bẹ́ẹ̀ òun náà máa ń ṣèpàdé nínú oko yẹn o, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lára ẹ̀rí ìjọba! Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ oko ń bọ̀ wá jẹ́rìí, ńṣe ló yẹra fún kóòtù kí wọ́n má baà dá a mọ̀.

Àwọn lọ́yà yìí ò sẹ́ ohun tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọ́n dúró lé ni pé àwọn olùjẹ́jọ́ ò tíì fẹnu kò lórí ogun abẹ́lé, àti pé wọ́n ṣọ́ra kí ẹ̀mí má ṣòfò. Ní June 12, 1964, ẹ̀wọ̀n gbére ladájọ́ fún àwọn mẹ́jọ, kò dájọ́ ikú.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Fischer já sódò, Molly ìyàwó rẹ̀ sì kú. Láìpẹ́ ọjọ́, ó lọ bá Mandela lẹ́wọ̀n nítorí ẹjọ́. Nígbà tí Mandela béèrè Molly, ńṣe ló dìde jáde. Ó padà wọlé, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló sì ń bá a sọ lọ.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú òun alára. Wọ́n gba béèlì rẹ̀ kó lè lọ ṣẹjọ́ ní London, ó sì padà wálé. Ní 1965 ló lọ sá pamọ́, àwọn lọ́yà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé e lọ sí kóòtù pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n rí i mú, ní 1966 wọ́n sọ òun náà sẹ́wọ̀n gbére. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní May 8, 1975, nílé àbúrò rẹ̀. Àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tún gba eérú òkú rẹ̀.

Ọdún 2003 ni kóòtù tó dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé agbẹjọ́rò. Mandela, tí wọn ò yẹgi fún, ti ṣe ààrẹ tán nígbà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó bú lọ́yà tó dúró ti ẹlẹ́sùn ńlá, kó rántí ìyẹn.